Ikàn Ìlọrin: Ìtàn Ọmọ Ọ̀gbìn tí a ń Tọ́ ní Ilé kí ó tó Dé Oko

Bí a bá ń sọ ìtàn Ìlọrin, ọ̀rọ̀ ẹṣin àti ọ̀kọ̀ ni ó máa ń gba ẹnu wa. A ó sọ bí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, ti kẹ̀yìn sí Aláàfin ní nǹkan bí ọdún 1817. A ó sọ bí ó ti pe Àlùfáà Sálíù, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àlímì, sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. A ó sì sọ bí àwọn Jàmáà ti pa Àfọ̀njá ní nǹkan bí ọdún 1824, tí Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ọba ìlú náà. Ó tọ́ kí a máa sọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó jagun tó bẹ́ẹ̀ kò jẹ irin. Oúnjẹ ni ó ń jẹ, orúkọ àwọn tí ó sì bọ́ ọ kò sí nínú ìwé ìtàn. Nínú ìwé yìí àwa ń fẹ́ tọ ipasẹ̀ ohun kékeré kan nínú oúnjẹ Ìlọrin, èyí tí í ṣe ikàn. Àti nínú ọ̀ràn ikàn náà, ohun kan ṣoṣo ni a ó dì mú, èyí nì ni àṣà fífún irúgbìn rẹ̀ sí inú agbo-ilé, kí a tọ́ ọ níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, kí a tó ṣí i lọ sí oko.

A ti gbọ́ ọ ní ẹnu àwọn olùkọ́ kan, àwọn ẹni ọ̀wọ̀, pé ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó kọ́ àwọn ènìyàn wa ní ohun tí à ń pè ní nọ́sìrì. Pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé, ńṣe ni àwọn baba wa ń fọ́n irúgbìn sí ilẹ̀ gbalasa, tí wọ́n sì ń wo ojú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ kúrò ní ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é, ó sì fi í sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tí à ń kọ́ yóò dàgbà pẹ̀lú èrò pé àwọn ìyá-ńlá wọn kò mọ ohun kan títí àlejò fi wá fi hàn wọ́n. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí tí a kò fi gbà á ni a ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ yìí.

Kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn orúkọ. Àwọn kan ń pè é ní ikàn, àwọn mìíràn ń pè é ní ìgbá. Ikàn ni àwa ó máa lò, nítorí pé nínú ìwé tí a kò bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìgbá yìí lè di igbá tí a fi ń bu omi, ó lè di ìgbà tí ń kọjá lọ, ó lè di igba owó, ó sì lè di igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ikàn pàápàá kò yọ nínú ewu náà, nítorí ikán tí ń jẹ igi àjà wà ní ẹ̀bá rẹ̀. Bí ikán bá sì rí gbòǹgbò ikàn tí ọ̀dá ti mú rọ, kò ní ṣàìjẹ ẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo ni ó ya ohun ọ̀gbìn yìí kúrò lára ọ̀tá rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ó máa ń rẹ̀ láti fi àmì sí ọ̀rọ̀, ẹ kíyèsí èyí.

Oríṣi mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Èkíní ni èyí tí a ń jẹ èso rẹ̀ ní tútù tàbí ní sísè. Ó lè funfun bí ẹyin, ó lè ní àwọ̀ ewé, ó lè ní ìlà lára, bí ó bá sì gbó yóò pọ́n. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Solanum aethiopicum, orúkọ tí Linnaeus ará Sweden kọ sílẹ̀ fún un ní ọdún 1756. Èkejì ni èyí tí ewé rẹ̀ gbòòrò tí ó sì ń dán, tí a ń gbìn nítorí ọbẹ̀ ju nítorí èso lọ. Solanum macrocarpon ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, gbọ̀mà ni àwọn ará Tógò àti àwọn aládùúgbò wọn ní Benin ń pè é. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó tóbi, tí ó gùn, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ elésèé-àlùkò, tí àwọn òyìnbó fẹ́ràn. Solanum melongena ni ti rẹ̀.

Èkíní àti èkejì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ìbátan wọn tí a kò gbìn ṣì ń hù nínú igbó àti ní etí ọ̀nà títí di òní, Solanum anguivi ni ti èkíní, Solanum dasyphyllum ni ti èkejì; ẹ̀gún a máa wà lára wọn, èso wọn a sì máa korò. Kí irú ohun bẹ́ẹ̀ tó di ikàn tí ọmọdé lè jẹ ní ojú ọjà, ó di dandan kí ìran lẹ́yìn ìran ti ṣa èyí tí kò korò púpọ̀, kí wọ́n pa irúgbìn rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì tún un gbìn ní ibi tí ojú wọn tó o. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ń fọ́n irúgbìn sí ilẹ̀ gbalasa.

Ẹ̀kẹta ni àlejò. Ilẹ̀ Éṣíà ni ó ti wá, àwọn ará India àti China sì ti ń jẹ ẹ́ láti ayébáyé. Àwọn ará Páṣíà pè é ní bādingān, àwọn Lárúbáwá gbà á ní ọwọ́ wọn wọ́n sì pè é ní bādhinjān, wọ́n gbé e dé Spain, àti láti inú ọ̀rọ̀ wọn náà ni beringela àwọn Potogí àti aubergine àwọn Faransé ti jáde. Ní nǹkan bí ọdún 1340, al-Umari, akọ̀wé kan ní Kairo, kọ̀wé nípa ilẹ̀ Mali, ó sì ka bādhinjān mọ́ àwọn ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti aáyù. Ṣé ikàn ti Éṣíà ni ó ń sọ, tàbí ikàn tiwa? Lárúbáwá tí ó bá rí ikàn tiwa kò ní orúkọ mìíràn tí yóò pè é ju èyí lọ. Ohun tí a lè dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé a ti ń gbin irú rẹ̀ ní ọgbà ní ìhà àríwá wa ní ó lé ní 480 ọdún kí Àfọ̀njá tó kú.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a bi orúkọ léèrè, nítorí orúkọ a máa jẹ́rìí nígbà tí ìwé bá dákẹ́. Àlùbọ́sà wọ inú oúnjẹ Yorùbá láti ọwọ́ àwọn Gàmbàrí, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ dání wá: albasa ni wọ́n ń pè é, láti inú èdè Lárúbáwá ni àwọn náà sì ti mú un. Tábà ti òkè òkun wá, orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Tòmátì kò lè fi ibi tí ó ti wá pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Gàmbàrí ń pe ikàn ní yalo, tí wọ́n sì ń pe èyí tí ó korò ní gauta, àwa ń pè é ní ikàn àti ìgbá, kò sì sí èyí tí ó jọ èkejì nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn méjèèjì yìí ni ó kọ́ èkejì ní gbígbìn rẹ̀, à bá gbọ́ ohùn olùkọ́ ní ẹnu akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà àwa gbà pé nígbà tí Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Núpé àti àwọn ẹlòmíràn pàdé ní Ìlọrin, olúkúlùkù ni ó mú ikàn tirẹ̀ wá sí ibi ìpàdé.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ohun ọ̀gbìn yìí gbà fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Ní Brazil a rí ikàn kékeré kan tí ó korò díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní jiló, tí gbogbo ọjà sì kún fún un. Ikàn tiwa ni, Solanum aethiopicum, ọ̀rọ̀ náà sì ti inú èdè Kimbundu ti Angola wá. Àwọn ẹrú ni ó fi ẹnu wọn gbé orúkọ náà kọjá òkun. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun Ìlọrin àti ti Ọ̀yọ́ tú ká, tí a sì tà lọ sí Bahia ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Angola ni wọ́n bá nílẹ̀ fún ohun tí àwọn ti mọ̀ ní ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí iṣẹ́ náà gan-an. Irúgbìn ikàn kéré, ó pẹlẹbẹ, kò sì ní oúnjẹ púpọ̀ nínú ara rẹ̀ bí ti àgbàdo tàbí ti ẹ̀wà. Bí a bá gbin àgbàdo, láàárín ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò ti yọ orí, yóò sì máa bá koríko díje. Ikàn kò rí bẹ́ẹ̀. Yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó hù, yóò sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kí ó tó ní ewé tí ènìyàn lè rí láti òkèèrè. Ní gbogbo àkókò náà, òjò ńlá kan lè gbá a lọ, ìrẹ̀ lè gé e ní ọrùn ní òru kan, koríko lè bò ó, oòrùn lè jó o. Ní Ìlọrin, níbi tí òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin tí ó sì máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù kẹwàá, tí gbogbo rẹ̀ láàárín ọdún kò ju nǹkan bí 1,200 mìlímítà lọ, ẹni tí ó bá dúró de òjò kí ó tó fún irúgbìn ikàn ti sọ oṣù kan àti ààbọ̀ nù nínú oṣù méje tí Ọlọ́run fún un.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé, kí ọyẹ́ tó lọ tán, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ náà gan-an ti wà ní ọdún tí ó kọjá. Obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ yóò wo gbogbo igi ikàn rẹ̀, yóò yan èyí tí ó so dáradára tí àrùn kò sì mú, yóò so okùn tàbí àkísà mọ́ ọn kí ọmọdé má baà ká a. Èso rẹ̀ yóò wà ní orí igi títí yóò fi pọ́n, a ó ká a, a ó tún fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó rọ̀. Lẹ́yìn náà a ó là á, a ó fọ irúgbìn rẹ̀ nínú omi. Èyí tí ó bá léfòó a ó dà á nù, èyí tí ó bá rì ni ti gbígbìn. A ó sá a sí ibòòji, nítorí oòrùn gangan a máa pa á, a ó pò ó pọ̀ mọ́ eérú, a ó rọ ọ́ sínú àdó, a ó dí ẹnu rẹ̀, a ó sì gbé e kọ́ sí òkè ààrò, níbi tí èéfín kò ti ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ ọn. Ẹ kíyèsí i pé kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí a ní láti rà.

Ibi tí a ó fún un sí ni ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn kan ń dá ebè kékeré sí ẹ̀bá ilé, wọ́n a sì bu ilẹ̀ dúdú láti ààtàn wá sí orí rẹ̀. Wọ́n a kọ́kọ́ kó ẹ̀ka gbígbẹ àti koríko sí orí ebè náà, wọn a sì dáná sun ún. Àwọn àgbà kò sọ pé àrùn kan wà nínú ilẹ̀ tí ń mú kí ọ̀rùn èhù rọ kí ó sì ṣubú ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, bí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń sọ fún wa nísinsìnyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilẹ̀ tí iná kò bá kọjá lórí rẹ̀ kò mọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń lọ sí ibì kan náà, nítorí iná a máa pa ohun tí ń fa àrùn náà àti irúgbìn koríko pẹ̀lú, eérú rẹ̀ a sì di ajílẹ̀. Àwọn mìíràn kò lo ebè rárá, ìkòkò ni wọ́n ń lò. Ní Ìlọrin èyí rọrùn ju ní ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí pé iṣẹ́ ìkòkò mímọ ti Dada ní Òkèlele ti gba òkìkí, ibi tí a bá sì ti ń mọ ìkòkò, ìkòkò fífọ́ kì í wọ́n. Ìdí ìkòkò tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́, àpáàdì ńlá, agbada tí kò ṣeé fi dáná mọ́, gbogbo wọn ni a lè kó ilẹ̀ sí. Ànfààní ìkòkò ni pé ó ṣeé gbé: ní òwúrọ̀ a gbé e sí oòrùn tí kò mú, ní ọ̀sán a gbé e padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí òjò líle bá sì ṣú a gbé e wọ ilé. Adìẹ àti ewúrẹ́ kò ní lè dé ibẹ̀ bí a bá gbé e ga.

Bí ó bá ti hù, a ó fi ewé ọ̀pẹ tàbí ẹní àtijọ́ ṣe ibòòji fún un, a ó sì máa dín ibòòji náà kù díẹ̀díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Omi ni a ó máa fi ọwọ́ wọ́n sí i ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá da omi lù ú ti pa á. Èyí tí ó bá fún pọ̀ a ó fà díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ewé rẹ̀ tó márùn-ún sí méje, tí òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ tutù dé ìsàlẹ̀, a ó wọ́n omi sí i, a ó hú u pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, a ó sì gbé e lọ sí oko ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe ní ọ̀sán. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi ń jìnnà sí ara wọn. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn a ó bẹ̀rẹ̀ sí ká èso, nígbà tí iṣu titun kò tíì pọ̀ ní ọjà, tí owó ikàn sì dára.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ń gbé ohun ilé wa ga ju bí ó ti yẹ lọ, a ó mú ẹ̀rí kan wá láti ọ̀nà jíjìn réré. Ní nǹkan bí ọdún 540, Jia Sixie, ará China, kọ ìwé kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Qimin Yaoshu. Nínú rẹ̀ ó sọ bí a ti ń tọ́jú ikàn ti ilẹ̀ wọn. Ó ní kí a jẹ́ kí èso pọ́n, kí a là á, kí a fọ irúgbìn rẹ̀ nínú omi kí a sì mú èyí tí ó rì. Ó ní kí a fún un ní oṣù kejì wọn, kí a sì ṣí i nípò ní ọjọ́ òjò, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀, nígbà tí ó bá ní ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí òjò kò bá sì sí, kí a rin ilẹ̀ dáradára, kí a ṣí i ní òru, kí a sì fi ẹní bò ó ní ọ̀sán kí oòrùn má rí i. Ẹni tí ó bá ka èyí tí ó sì ti rí ìyá àgbà kan ní Ìlọrin ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó kọ́ èkejì. Ohun ọ̀gbìn náà ni olùkọ́: ẹni tí ó bá bá a gbé pẹ́, ní China tàbí ní Ìlọrin, ọ̀nà kan náà ni yóò bọ́ sí.

Ní ilẹ̀ tútù ọ̀nà náà kò yípadà, ìdí rẹ̀ nìkan ni ó yípadà. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní London tí wọ́n sì ń gbin ikàn ní ilẹ̀ kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ ń yá wọn mọ̀ pé bí àwọn bá fún irúgbìn sí ìta ní oṣù kẹta, òtútù ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ̀bá fèrèsé inú yàrá ni wọ́n ń gbé e sí, nínú ike kékeré, fún nǹkan bí oṣù méjì, títí òtútù yóò fi lọ. Àwa ń sá fún ọ̀dá àti àgbàrá, àwọn ń sá fún yìnyín.

Bí a bá padà sí Ìlọrin ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a ó rí ìdí mìíràn tí iṣẹ́ yìí fi ní láti wà ní ilé. Ìlú olódi ni Ìlọrin, ọdún tí kò sí ogun kò sì pọ̀. A bá Ìbàdàn jà ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, a bá a jà ní Ìkìrun nínú ogun Jálumi ní 1878, a sì dó ti Ọ̀fà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ oko etílé ni ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ní oko tí ó jìnnà, ajínigbé lè dé kí oko tó mọ́. Ohun ọ̀gbìn tí ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ nínú agbo-ilé, tí ó sì lè lo ìyókù ayé rẹ̀ ní ẹ̀yìn odi tàbí ní etí odò Àsà, ó bá ìlú ogun mu ju èyí tí ń béèrè oko ńlá lọ.

Ìdí kan tún wà tí ó jẹ́ ti Ìlọrin ní pàtàkì. Nínú ilé àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́lá, àwọn ìyàwó tí a ń pè ní ẹlẹ́hàá kì í jáde ní ọ̀sán. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹni tí kò jáde kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó tún lè wà nítòsí láti gbé ìkòkò irúgbìn wọ ilé nígbà tí òjò bá ṣú ní aago méjì ọ̀sán, bí kò ṣe ẹni tí ó wà ní ilé? Àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọ ni ó ń gbé ọmọ ikàn lọ sí oko; àgbàlá ni ó ti ń gbó tó láti lọ. Àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ dé ìlú náà, bí T. J. Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Amẹ́ríkà ní 1855 àti Gerhard Rohlfs ará Jámánì ní 1867, ojú ọ̀nà àti ojú ọjà ni a gbà wọ́n láyè láti rìn. Kò sí ẹni tí yóò mú àlejò ọkùnrin wọ inú ẹ̀hà láti wo ìkòkò ikàn. Ìdákẹ́jẹ́ ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí i.

Etí odò náà tó ohun tí a lè dúró lé lórí díẹ̀. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ ọ̀rinrin tí a ń gbìn ní ẹ̀ẹ̀rùn: àkùrọ̀ ni. Àwọn Gàmbàrí ní tiwọn pẹ̀lú: fadama ni ilẹ̀ náà, lambu sì ni ọgbà tí wọ́n ń bomi rin nínú rẹ̀, wọ́n sì ní igi gígùn kan tí a fi ń fa omi láti inú kànga tàbí odò, jigo ni orúkọ rẹ̀. Ní bèbè Àsà ọ̀nà méjèèjì pàdé. Nítorí náà ni a fi ń fún irúgbìn ikàn ní ìgbà méjì ní ọdún ní Ìlọrin, lẹ́ẹ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ fún oko òkè, àti lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí òjò ń parí lọ, kí omi odò bá lè ti fà kúrò ní orí ilẹ̀ nígbà tí ọmọ ikàn bá tó ṣí. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ẹ̀yà Ìlọrin fi fún ara wọn, àwa ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó kọrin nípa rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, tí George Goldie jẹ́ olórí wọn, ṣẹ́gun Ìlọrin. Oṣù kejì: àkókò tí ọmọ ikàn àkọ́kọ́ máa ń wà nínú ìkòkò. Ní ọdún 1908 ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà, ó sì ṣí ọ̀nà sí Èkó fún ẹrù oko. Lẹ́yìn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wá pẹ̀lú ọgbà rẹ̀. A kò ní gba ti ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní ọwọ́ rẹ̀: òun ni ó kọ́ àwọn ọmọ láti fi okùn ta ilà kí ebè lè gún, láti kàn àpótí pákó dípò ìkòkò, láti kọ ọjọ́ tí a fúnrúgbìn sínú ìwé, àti láti fi irú ìtọ́jú kan náà tọ́ tòmátì àti kábéèjì tí ó jẹ́ àlejò. Ìwé kíkọ yẹn wúlò gidigidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ilé tí wọ́n ti ń gbin ikàn wá kò rí ohun titun púpọ̀ ní ọgbà náà ju ilà gígún lọ, bí kò bá sì sọ bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù olùkọ́ ni kò jẹ́ kí ó sọ.

Ohun tí ó yẹ kí ó kan wá jù ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí àdó òkè ààrò. Ní ayé ìsinsìnyí a ń ra irúgbìn nínú páálí àti agolo, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a fi oríṣi méjì ṣe, tí ó ń so púpọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ kò ní jọ ìyá. Ẹni tí ó bá gbin irú èyí kò lè pa irúgbìn mọ́, ó ní láti padà sí ọjà. A kò bá ẹni tí ó rà á wí, nítorí olóko ní ẹnu tí yóò bọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà tí ó ni àdó bá kú tí kò sí ẹni tí ó gbà á ní ọwọ́ rẹ̀, oríṣi ikàn ilé náà ti bá a lọ. Ẹyin méjì tàbí mẹ́ta ni a ń rí ní ọjà nísinsìnyí níbi tí àwọn àgbà ti ń ka oríṣi púpọ̀. Ilé gbígbé pẹ̀lú ti gba apá kan nínú àkùrọ̀ tí ó yí ìlú ká. Láti ọdún 1975 ni a ti ní ilé ìwádìí ìjọba kan lórí ẹ̀fọ́ àti èso ní Ìbàdàn, èyí tí a ń pè ní NIHORT. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ilé ìwádìí kan kò lè mọ ohun tí ó wà ní òkè ààrò gbogbo.

Àwọn ará òkèèrè mọ iye rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn àgbẹ̀ Japan ti ń fi ikàn wọn lọ́ mọ́ ìdí ikàn pupa kan, kí gbòǹgbò rẹ̀ tí ó le lè gba tiwọn lọ́wọ́ àrùn inú ilẹ̀. Ikàn pupa náà jẹ́ ti ìdílé Solanum aethiopicum, ohun tí ó ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà.

Nítorí náà àwa ń bẹ àwọn olùkọ́ tí wọ́n wà ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú àyíká rẹ̀, ní Ọ̀fà, ní Àjàṣẹ́, ní Sàárẹ́, ní Jẹ́bà, kí wọ́n bá wa béèrè ní ilé àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Kí wọ́n kọ orúkọ oríṣi ikàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ní orí rẹ̀. Kí wọ́n kọ àwọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní tútù àti nígbà tí ó bá pọ́n, oṣù tí a ń fún un, ohun tí a ń fún un sí, àti ẹni tí ó fi irúgbìn náà fún ẹni tí ó ní i. Kí wọ́n béèrè kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nítorí ní àkókò yẹn ni a ń sọ àdó kalẹ̀ láti òkè ààrò, tí ẹni tí ó ni ín sì máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.